Oògùn wárápá ọmọ mi tán fún ọjọ́ mẹ́jọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé

Ìyá Rónkẹ́, Kétu (Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin mi ló gbé mi wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ níbí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Wárápá ti ń mú un láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Gardénal 100 ni dókítà kọ fún un, hóró kan ní alaalẹ́ kó tó sùn. Láti ìgbà tí a ti ń fún un déédéé, oṣù mọ́kànlá gbáko ló fi wà tí kò ṣubú rárá.

Oṣù tó kọjá, oògùn tán. Owó àgbàdo kò tíì wọlé, mo ní kí n mú sùúrù títí a ó fi tà. Ìyá ọkọ mi náà ní ara ọmọ ti yá, kí la tún ń kó oògùn òyìnbó sí i nínú sí. Mo gbà, torí èmi gan-an fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní kọjá, ìkejì kọjá, ó di ọjọ́ méje, kò sí nǹkan. Inú mi ń dùn lábẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó ń ro ọkà lórí ààrò, ni mo bá gbọ́ tí omorógùn já bọ́. Kí n tó dé ibẹ̀ ó ti wà nílẹ̀, ìgúnpá òsì rẹ̀ wà nínú eérú gbígbóná. Ó gbọ̀n, ó dákẹ́, kò lajú, ó tún bẹ̀rẹ̀. Zémìjàn, ọ̀kadà akérò, la fi gbé e dé ilé ìwòsàn, mo dì í mú láti ẹ̀yìn. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó padà bọ̀ sípò. Awọ ìgúnpá rẹ̀ bó, a ṣì ń wẹ ojú egbò náà.

Nǹkan mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Aládùúgbò mi kan ní kí n máa fún un ní hóró méjì méjì báyìí, kí èyí tó fò lè pé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Èkejì, ọjọ́ tí a ti ilé ìwòsàn dé, obìnrin kan tó ń ta oògùn lórí àtẹ lọ́jà ní òun ní Gardénal tó dínwó, mo ra ogún hóró. Òun ló ń lò láti ọjọ́ márùn-ún. Ẹ̀kẹta, ìgbà wo ni ọmọ mi máa bọ́ lọ́wọ́ oògùn yìí? Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lóye.

Ọmọ Ìdìgnì (Ọjọ́ Ajé, 7:05 àárọ̀)

Pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Rónkẹ́. Ọlọ́run yóò wo ojú egbò náà jinná. Ẹ má fún un ní méjì o! Àbúrò bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ sùn fọnfọn tí a ń pè é tí kò dáhùn, èémí rẹ̀ ń lọ tíín-ín-tín. A sáré gbé e lọ ni. Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá wọn dá sí i.

Màmá Nọ́ọ̀sì, Pobè (Ọjọ́ Ajé, 9:20 àárọ̀)

Ìyá Rónkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú ìdààmú ọmọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n n kì í ṣe dókítà ọmọ yín. Ohun tí ẹni tó fojú rí i bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Síbẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la kí ẹ tó gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́ méje yẹn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Gardénal kì í tètè jáde lára. Bí èèyàn bá dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí, ó máa ń tó bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí ìdajì èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó lọ. Kì í ṣe pé ọmọ ti sàn láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn. Oògùn àná ló ṣì ń ṣọ́ ọ, tó sì ń dín kù lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Nígbà tó dín kù tán ni wárápá jáde, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí oògùn ti mọ́ ọpọlọ lára, wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Èyí tó ń mú léraléra tí ojú kò là láàrin rẹ̀ un, òun ni àwa nílé ìwòsàn ń bẹ̀rù jù. Ó ń pa èèyàn. Bí ẹ ṣe sáré gbé e lọ yẹn, ẹ̀mí ẹ̀ lẹ gbà là.

Hóró méjì kẹ̀? Rárá o. Oògùn tó fò ti fò, a kì í san gbèsè rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé lálẹ́ tí ẹ rántí kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó lọ jìnnà, ẹ fún un ní ẹyọ kan nígbà tí ẹ rántí, ẹ má jẹ́ kó dáná lọ́jọ́ náà torí oorun lè máa kùn ún. Bí alẹ́ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ́, ẹ fi èyí tó sọnù sílẹ̀, ẹ fún un ní ti alẹ́ nìkan. Àpọ̀jù Gardénal máa ń tẹ èémí mọ́lẹ̀, ohun tí Ọmọ Ìdìgnì rí nìyẹn. Tìtorí èyí náà ni kí ẹ fi gbé oògùn síbi tí ọwọ́ àwọn ọmọ kékeré inú ilé kò ní tó.

Ní ti hóró ọjà, ẹ lọ mú un wá síbi ìmọ́lẹ̀ báyìí báyìí. Gardénal oníhóró wà ní 10, ó wà ní 50, ó wà ní 100 mílígíráàmù. Funfun ni, kékeré ni, ojú kì í tètè dá wọn mọ̀. Ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sọ fún mi.

Ìgbà tó máa bọ́ lọ́wọ́ oògùn: oṣù mọ́kànlá kò tíì tó. Ó sábà máa ń tó ọdún méjì tí èèyàn kò ṣubú rárá kí dókítà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e yẹ̀ wò. Bí ó bá gbà, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa dín in kù, ó kéré tán fún oṣù méjì. Àwọn kan wà tí yóò máa lò ó títí, bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Kí ìyá ọkọ yín má rò pé oògùn ti sọ ọmọ dẹrú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 èèyàn tí wárápá ń ṣe, ó lè tó 70 tí kò ní í ṣubú mọ́ bí wọ́n bá rí oògùn tó bá wọn mu tí wọ́n sì ń lò ó bó ṣe yẹ. Rónkẹ́ wà lára wọn fún oṣù mọ́kànlá. Ó tún lè wà lára wọn.

Ìyá Rónkẹ́, Kétu (Ọjọ́ Ajé, 9:58 àárọ̀)

Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti mú un wá sẹ́nu ọ̀nà, mo fi iná fóònù tàn án. Kò sí páálí. Àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi gé ike rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, púpọ̀ nínú ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ti gé dànù. Orí ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ti rí nọ́ńbà. 50 ni.

Màmá Nọ́ọ̀sì, Pobè (Ọjọ́ Ajé, 10:03 àárọ̀)

Ó túmọ̀ sí pé bó bá tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó, ìdajì oògùn rẹ̀ ló ń lò láti ọjọ́ márùn-ún. Ẹ má jókòó ṣírò rẹ̀ fúnra yín pé méjì á jẹ́ ọgọ́rùn-ún, torí ẹnì kankan kò mọ ohun tó wà nínú hóró yẹn. Ẹ gbé ọmọ padà lọ sí ilé ìwòsàn tó gbà á wọlé, lónìí, ẹ mú ike náà dání, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé oògùn tuntun fún yín. Lójú ọ̀nà, ẹ jókòó tì í nínú ọkọ̀, ẹ má gbé e sí orí zémìjàn lónìí.

Aláàánú Fámásì, Àjàṣẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, Ìyá Rónkẹ́. Fámásì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ oògùn orí àtẹ yìí máa ń dùn mí wọ egungun. Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2017, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wọ Adjégounlè, ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu, ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù oògùn ni wọ́n kó. Nínú rẹ̀, ayédèrú wà, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá wà, ojúlówó tí oòrùn ti bà jẹ́ náà wà. Ẹni tí orí ń fọ́ tó ra hóró tí kò ní nǹkan nínú, orí á kàn máa fọ́ ọ lọ ni. Ẹni tí wárápá ń ṣe tó ra irú rẹ̀, inú iná ló lè já sí.

Bí owó bá ṣòro, ẹ má tijú láti sọ ọ́ ní fámásì. Phénobarbital ni orúkọ oògùn inú Gardénal. Ó máa ń wà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, tí iye rẹ̀ lè dín, tí agbára rẹ̀ kò sì yàtọ̀. Ẹ ní kí wọ́n wá a fún yín, ẹ kàn rí i dájú pé nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀ bá ti ìwé dókítà mu. Ẹ béèrè pé ṣé a lè gé e tà fún yín ní ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ méjì, ó sàn ju kí alẹ́ kan fò lọ.

Ohun kan tún wà: níbo lẹ ń gbé oògùn sí? Mo ti rí ìyá kan tó ń so ti ọmọ rẹ̀ rọ̀ lókè ààrò kí ekúté má baà gbé e. Oru ìkòkò ń lù ú lójoojúmọ́. Ọ̀rinrin máa ń ba oògùn jẹ́, pàápàá Tegretol àti Dépakine, tí àwọn náà jẹ́ oògùn wárápá. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú ike rẹ̀ títí di ìgbà tí ó máa lò ó, ẹ má tú u sínú agolo.

Káfíńtà Àjàṣẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 8:30 alẹ́)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Ẹ kú sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi Ìyá Rónkẹ́. Èmi fúnra mi ni wárápá ń ṣe, n kò fi pamọ́ mọ́. Tegretol LP ni mo ń lò, hóró kan láàárọ̀, hóró kan lálẹ́. Dókítà kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fi eyín fọ́ ọ tàbí kí n lọ̀ ọ́, torí wọ́n ṣe é kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn. Bí mo bá fọ́ ọ, gbogbo rẹ̀ á ya wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú á máa yí mi.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan tó máa ń wà lápò ṣòkòtò mi. Mo fa ilà sí i, ọjọ́ lápá òsì, àárọ̀ àti alẹ́ lápá ọ̀tún. Bí mo bá ti gbé oògùn mì, mo fi pẹ́ńsùlù káfíńtà mi sàmì. Bí wárápá bá mú mi, ìyàwó mi á kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó dáwọ́ dúró sí i. Nígbà tí mo gbé e fún dókítà, ó kà á fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Ìwọ lo jẹ́ kí n mọ ohun tí n óò ṣe." Alẹ́ ọjọ́ ìnáwó ni gbogbo ibi tí àmì fò sí, n kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ tramadol. Ẹ̀yìn ń dùn mí níbi iṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní hóró méjì tó rà lọ́jà, ó ní gbogbo wọn ló ń lò ó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wárápá mú mi, lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀ tí kò ti ṣẹlẹ̀. Dókítà ní tramadol gan-an máa ń ru wárápá sókè. Láti ìgbà náà, oògùn yòówù tí wọ́n bá fún mi, títí kan ti ibà, ni mo fi ń béèrè: ṣé ó bá Tegretol mu? Sódàbì ńkọ́? Mo ti fi í sílẹ̀. Ọtí líle àti Gardénal tún burú jù, torí àwọn méjèèjì ló ń tẹ èémí mọ́lẹ̀.

N kì í gun òrùlé mọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń gùn ún, èmi ń wọn igi nísàlẹ̀. Ẹ ní kí Rónkẹ́ fi iná ìdáná sílẹ̀ fún ẹlòmíràn ní ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, kó má sì dá lọ sí odò.

Bàbá Àgbẹ̀, Ṣábẹ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o. Èmi kò bá oògùn òyìnbó jà. Ṣùgbọ́n ní tiwa, bí wárápá bá gbé ọmọ ṣánlẹ̀, àgbo ìtọ̀ màlúù tí a fi tábà sí la ń rọ sí i lẹ́nu, a ó sì fi ṣíbí ha á léyín kó má gé ahọ́n rẹ̀ jẹ. Àwọn àgbà tún sọ pé bí iná bá ti jó o, kò gbóògùn mọ́, àti pé ẹni tí itọ́ ẹnu rẹ̀ bá ta sí lára yóò kó o. Mo ní ọmọ-ọmọ kan tó ń ṣe é. Kí ni kí a ṣe?

Màmá Nọ́ọ̀sì, Pobè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:10 àárọ̀)

Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, ọ̀pọ̀ kì í béèrè.

Àgbo ìtọ̀ màlúù yẹn, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ má lò ó mọ́. Ọmọ tí kò mọ ara rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ni omi ń gbà lọ. Àgbo náà fúnra rẹ̀ máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì máa ń dí èémí lọ́wọ́. Mo ti gba ọmọ wọlé tí gìrì rẹ̀ ti dáwọ́ dúró kí wọ́n tó kúrò nílé. Àgbo ló kù tí à ń bá jà, a kò sì borí rẹ̀.

Ṣíbí máa ń ká eyín, eyín á bọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun. Ahọ́n tó bá gé yóò jinná. Ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí, ẹ fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Bí gbígbọ̀n bá ti rọlẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ ṣàn jáde. Ẹ wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tó tún bẹ̀rẹ̀ kí ojú tó là, ilé ìwòsàn ni.

Kò sí ẹni tó kó wárápá láti ara itọ́. Mo ti nu ún lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní ti iná, egbò ni iná ń dá, kì í lé oògùn sá. Ẹni tí iná ti jó ń gbóògùn bí ẹni tí kò jó. Ọ̀rọ̀ yẹn ti mú kí àwọn ará ilé fi ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀, nítorí náà, ẹ gbé ọmọ-ọmọ yín lọ kí wọ́n wò ó, Bàbá.

Abiyamọ Lọ́la, Àjàṣẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:25 ọ̀sán)

Màmá, ẹ má bínú tí mo gba inú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn wọlé. Dépakine ni mo ń lò láti ọdún mẹ́rin. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, a ń retí ọmọ. Wọ́n ní ó lè pa oyún lára. Ṣé kí n dá a dúró?

Màmá Nọ́ọ̀sì, Pobè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:50 ọ̀sán)

Ọmọ mi, má dá a dúró fúnra rẹ. Ṣùgbọ́n má lóyún lórí rẹ̀ láìtíì rí dókítà. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún ọ: nínú 100 ọmọ tí ìyá wọn lo Dépakine nínú oyún, bí 10 ló ń ní àbùkù ara, bí 30 sí 40 ló sì lè ní ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ, ìrìn tàbí ẹ̀kọ́. Oògùn mìíràn wà tó sàn fún aboyún. Pípààrọ̀ rẹ̀ ń gba àkókò, torí a ó máa gbé tuntun sókè díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń sọ ti tẹ́lẹ̀ kalẹ̀. Wá ọ̀nà láti má lóyún títí ìyẹn yóò fi parí, kí o sì béèrè fún acide folique, fítámì kan fún oyún, kí oyún tó dé. Bó bá jẹ́ pé oyún ti wà nínú rẹ nísinsìnyí, lọ rí wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí o máa lo oògùn lọ títí wọn yóò fi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tó ń lo Gardénal tàbí Tegretol, ẹ gbọ́ tiyín: àwọn méjì yìí máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè jó oògùn mìíràn dànù. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró àti èyí tí wọ́n ń fi sí apá lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Coartem tí à ń lò fún ibà náà lè dín lágbára. Ẹ dárúkọ oògùn wárápá yín fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ oògùn fún yín.

Ọmọ Ààfáà, Kétu (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:05 alẹ́)

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ni tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lo Tegretol lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nínú Ramadan kan, ó gbé ti àárọ̀ jù sílẹ̀ kí ààwẹ̀ rẹ̀ má baà bàjẹ́, kò tún sùn dáadáa nítorí sààrì. Ọjọ́ kẹrin ló ṣubú nínú mọ́ṣáláṣí. Nígbà tó yá, a lọ bá dókítà kí ààwẹ̀ tó wọlé, ó fún un ní èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń lò ó nígbà sààrì àti nígbà ìṣínu. Àmọ́ àwọn kan wà tí dókítà yóò ní kí wọ́n má gbà á rárá. Al-Kùránì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kó san án lọ́jọ́ mìíràn. Àìsùn tún jẹ́ ọ̀tá ńlá, ẹ̀yin tó ń ṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, ẹ kíyè sí i.

Ìyá Rónkẹ́, Kétu (Ọjọ́ Ẹtì, 7:45 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, gbogbo yín. A lọ, a sì ti dé. Dókítà wo hóró ọjà yẹn, ó dà á sínú ike ìdọ̀tí. Wọ́n fún wa ní ìwé tuntun, 100 bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní kí a má retí pé agbára rẹ̀ á pé lọ́sẹ̀ yìí, pé ó máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ó tún ní bí a bá rí kí ara rẹ̀ sú tàbí kí ẹnu rẹ̀ dá egbò, kí a wá lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo ka ọ̀rọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì sókè fún ìyá ọkọ mi, ibi ọjọ́ méje yẹn. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní kí n gbé páálí oògùn wá, ọ̀dọ̀ àwọn ni kó máa wà. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti pe ìṣáà tán, wọ́n á ké sí i: "Rónkẹ́, wá gba tìrẹ." Wọ́n máa ń dúró kó mu omi tán. Ọ̀gá rẹ̀ náà ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò nítòsí irin ẹlẹ́ẹ̀dú, ibi fèrèsé ló ń jókòó sí báyìí. Ìwé bíi ti Káfíńtà, ó ti fa ilà rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fi okùn so bírò mọ́ ọn.

Màmá Nọ́ọ̀sì, Pobè (Ọjọ́ Ẹtì, 8:02 alẹ́)

Inú mi dùn. Ẹ bá mi kí ìyá. Hóró mélòó ló kù nínú páálí?

Ìyá Rónkẹ́, Kétu (Ọjọ́ Ẹtì, 8:06 alẹ́)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á ni. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Màmá Nọ́ọ̀sì, Pobè (Ọjọ́ Ẹtì, 8:07 alẹ́)

Bó bá ku mẹ́wàá, ẹ lọ ra òmíràn. Ẹ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé rẹ̀ lálẹ́ yìí.